Ilé Ṣọ́jà, Ilé Ìtàn: Ohun Tó Wà Nílẹ̀ fún Òǹkọ̀wé ní Pobè àti Sakété

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1964 ní Pobè, ní ilẹ̀ Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ṣọ́jà fi gbàjọba lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ayé rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́dún 1965, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1967 àti lọ́dún 1969. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Mathieu Kérékou gbà á, kò sì gbé e sílẹ̀ àfi lọ́dún 1991 tí ará ìlú dìbò fún ẹlòmíràn. Rédíò ló ń mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wọlé. Àpótí kan náà tó ń kọrin fún bàbá lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko ni ohùn ọ̀gágun ń gbà bọ́ sí pálọ̀.

Florent Couao-Zotti wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Pobè lọ́dún 1964 yẹn. Cotonou ló fi ṣe ibùgbé, ó sì wà lára àwọn òǹkọ̀wé Benin tí àwọn ará òkè òkun mọ̀ jù lọ. Kò ti orí ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ṣe olóòtú Le Canard du Golfe, ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ kan, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìtàn aláwòrán tí tọmọdé tàgbà ń kà. Lẹ́yìn náà ni eré orí ìtàgé, ìtàn kúkúrú àti ìtàn àròsọ gígùn wá tẹ̀ lé e. Àwọn ohun tí ará ìlú fi ń najú ni ó fi kọ́wọ́ kó tó di pé àwọn ilé ìtẹ̀wé Paris ń wá a kiri.

Àmì ìkọ́wọ́ yẹn kò parẹ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2018, Gallimard gbé ìwé rẹ̀ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Western tchoukoutou. Western ni fíìmù kọ́bọ̀ì tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, tí wọ́n sì ń yìnbọn fún ara wọn láàárín ìgboro. Tchoukoutou ni ọtí ọkà bàbà tí àwọn obìnrin àríwá Benin ń pọn tà. Obìnrin kan tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Kalamity Djane ló padà wá gbẹ̀san nínú ìtàn náà, ní ìlú kan ní àríwá níbẹ̀. Ẹni tó ti jókòó síwájú fíìmù kọ́bọ̀ì rí yóò mọ ibi tí wọ́n ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì ti jókòó sí ìdí agbè ọtí rí yóò mọ àwọn tó yí i ká.

Ìwé rẹ̀ mìíràn, tó jáde lọ́dún 2010, jẹ́ ìtàn ọ̀daràn. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé gùn gbọọrọ: Si la cour du mouton est sale, ce n'est pas au porc de le dire. Bí ọmọ Yorùbá bá túmọ̀ rẹ̀, òwe ni yóò kà sí: bí àgbàlá àgùntàn dọ̀tí, ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Ìwé yìí ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Ahmadou Kourouma ní Geneva lọ́dún náà.

Orúkọ tó wà lórí ẹ̀bùn yẹn kò yẹ ní fífò dá. Kourouma, ọmọ Côte d'Ivoire, ti ṣe ṣọ́jà rí. Àwọn Faransé mú un wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní tirailleur, wọ́n sì gbé e lọ sí Indochina, níbi tó wà láti 1950 títí di 1954. Nígbà tó di ọdún 2000, ó kọ Allah n'est pas obligé, ìtàn ọmọdé tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́ nínú ogun Liberia àti Sierra Leone, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Renaudot ní Paris. Couao-Zotti pẹ̀lú ti kọ irú rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́: Charly en guerre, ìtàn ọmọdé tí ogun abẹ́lé ká mọ́. Ọwọ́ ẹni tó ti jẹ ìyà ogun rí ni ẹ̀bùn náà ti jogún orúkọ, ọmọ Pobè tó mọ̀ pé ogun kì í ṣe eré ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ òǹkọ̀wé kò rọrùn. Ìwé nìkan kò bọ́ òǹkọ̀wé púpọ̀ ní Benin. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn ń kọ ìròyìn, àwọn kan ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n, alẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń rí lò fún ìwé tiwọn. Àwọn tó yẹ kó rà á kò sì lówó. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, 52,000 franc CFA ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ Benin máa gbà lóṣù. Ìwé tí wọ́n bá ń ta ní euro 18 ní Paris, ó lé ní 11,800 franc bí ó bá dé Cotonou, kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ọkọ̀ lé e. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù yẹn lọ, lórí ìwé ẹyọ kan. Ìwé tí ọmọ Pobè kọ, àwọn ará Pobè kò rí owó rà á kà.

Ogun tí Kourouma àti Couao-Zotti kọ sínú ìwé wọn, ilẹ̀ ibòmíràn ló ti jà. Èyí tó gba ojúde Pobè àti Sakété kọjá ńkọ́?

Ó pọ̀ nílẹ̀. Sakété, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìtakété, àti Pobè, tí àwọn Ọ̀họ̀rí yí ká, wà lágbègbè Plateau, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Nàìjíríà. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè lé ní 120,000, ti Sakété sì lé ní 110,000. Epo ni wọ́n fi mọ àdúgbò yìí láti ìgbà Faransé. Nítorí epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ṣe fa rélùwéè láti Porto-Novo dé Sakété àti Pobè, lọ́dún 1922 sì ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ojú irin tó ń kó epo lọ lè kó ènìyàn lọ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé ní Paris, wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Kétu, Pobè, Sakété àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà lápá ọ̀tún, àbúrò wà lápá òsì. Kò pẹ́ tí ìyàtọ̀ fi hàn láàárín ọ̀gá méjèèjì. Àṣẹ ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1912 fún Faransé lágbára láti fi tipá mú ọ̀dọ́kùnrin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọṣẹ́ ológun. Oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Faransé gba Dahomey wọ Togo tó wà lábẹ́ Jámánì, Togo sì ti túúbá kí oṣù náà tó parí. Ṣùgbọ́n ogun ti Yúróòpù kò parí bọ̀rọ̀, Faransé sì ń béèrè ènìyàn sí i. Kí ogun náà tó tán, àwọn adúláwọ̀ bí 170,000 ni wọ́n ti kó láti gbogbo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn tó wà lábẹ́ wọn, nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò sì padà.

Kí ni àwọn ará Sakété, Pobè àti Kétu ṣe? Ọ̀pọ̀ kó ẹrù. Wọ́n mú ìyàwó, wọ́n mú ọmọ, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní apá Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọn kì í ti fi tipá múni ṣe ṣọ́jà bẹ́ẹ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbéjà ko Faransé láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú wọn, tí òjò máa ń sọ di àbàtà tí ẹsẹ̀ ṣọ́jà kò lè là kọjá, ni odi wọn.

Ẹni tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ dáadáa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, láti 1889 dé 1945, jáde lọ́dún 1976. Kókó kan tó fi kún ìmọ̀ ayé ni pé sísá kúrò nílùú lè jẹ́ ọ̀tẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbọn láti fi kọ iṣẹ́ ọba, ẹsẹ̀ ló fi kọ ọ́. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá wà ní Ìlaròó tó ní ìbátan ní Sakété, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣọ́jà tí bàbá bàbá wọn kọ̀ láti ṣe ló dá wọn síbẹ̀. Ìtàn ṣọ́jà ni ìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ sí aṣọ ológun kankan nínú rẹ̀.

Àwọn tí kò rí àyè sá ló lọ sójú ogun. Ilé irú wọn ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé kàn sí jù lọ. Àwọn ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní kò pọ̀: àwòrán kan tó ti pọ́n lára ògiri, àmì ẹ̀yẹ nínú agolo, bébà tí èdè Faransé kún inú rẹ̀ tí ìyá àgbà dì sínú ọ̀rá kí òjò má bà á. Bébà owó ìfẹ̀yìntì ni, òun ni ilé fi ń jẹun. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ sì lè ní ìtàn ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún tí Faransé ń ṣẹ́gun ilẹ̀ kiri, ìyàwó tirailleur a máa bá ọkọ rẹ̀ dé bárékè, pẹ̀lú ìkòkò lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Àwọn kan bá ọkọ wọn dé Morocco kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin yìí ló ń sè, tó ń fọ̀, tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ìwé ológun kò ka orúkọ púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ bébà inú ọ̀rá yẹn gba àlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni sinimá ti wọ inú ọ̀rọ̀ ilé ṣọ́jà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Faransé ṣe òfin kan tó dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn dúró sí iye kan. Bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, tiwọn kò sún. Ọmọ Faransé àti ọmọ Dahomey tí wọ́n jọ sùn nínú kòtò kan náà lójú ogun kò gba owó kan náà mọ́ nígbà tí orí wọn funfun. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ gíga tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní Faransé dá ẹ̀tọ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan láti Senegal tí wọ́n ń pè ní Diop, síbẹ̀ nǹkan kò tètè yí padà.

Fíìmù ló ta á jí. Lọ́dún 2006, Rachid Bouchareb gbé Indigènes jáde, ìtàn àwọn ọmọ Àríwá Áfíríkà tó jà fún Faransé nínú ogun Hítílà. Ní Cannes, àwọn òṣèré ọkùnrin inú rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù lọ. Ààrẹ Jacques Chirac wo fíìmù náà. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba rẹ̀ kéde pé wọn yóò mú apá kan nínú owó àwọn ọmọ ogun àtijọ́ wọ̀nyí bá ti àwọn ará Faransé dọ́gba láti ọdún 2007. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ Faransé tún fagi lé èyí tó kù lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2010. Ó gbà ju ogójì ọdún lọ kí ẹjọ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìrìn ẹsẹ̀ tó sún òfin náà díẹ̀, fíìmù kan sì ti apá kan nínú rẹ̀ ṣubú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá tún ń sọ pé eré lásán ni sinimá, ó yẹ kó lọ bi opó ṣọ́jà.

Kì í ṣe fíìmù yẹn nìkan. Sembène Ousmane ti Senegal, tí òun náà ti wọṣọ tirailleur rí, gbé Camp de Thiaroye jáde lọ́dún 1988. Ohun tó fi hàn ni ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, nígbà tí ọ̀gá Faransé yìnbọn fún àwọn tirailleur tó ń béèrè owó wọn lẹ́bàá Dakar. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wọn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Jámánì ni. Láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti wá, Dahomey pẹ̀lú. Ó di ọdún 2024 kí Ààrẹ Emmanuel Macron tó pe ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní ìpakúpa. Ọgọ́rin ọdún ni ìyẹn.

Àwọn ọmọ Yorùbá ní àpẹẹrẹ tiwọn, òun sì ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété tẹjú mọ́. Biyi Bandele ni. Kafanchan, ní àríwá Nàìjíríà, ni àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá bí i sí lọ́jọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1967, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti jagun ní Bóma nínú ogun Hítílà. Láti ẹnu bàbá náà ni ìròyìn Bóma ti wọ etí ọmọ. Bandele lọ kọ́ nípa eré orí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀, ó gba ẹ̀bùn eré kan, ó sì bá a dé London lọ́dún 1990. Níbẹ̀ ló ti ń kọ eré àti ìwé. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan ìtàn bàbá. Ọdún 2007 ni Burma Boy jáde, ìtàn Ali Banana, ọmọdékùnrin kan tó puró ọjọ́ orí kí wọ́n lè gbà á sí iṣẹ́ ṣọ́jà, tó sì bá ara rẹ̀ nínú igbó Bóma láàárín àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Chindit. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìwé náà, ikú náà sì pọ̀. Ohùn àwọn ṣọ́jà inú rẹ̀ dún bí ohùn àwọn tó ń tàkurọ̀sọ lábẹ́ igi, kì í ṣe bí ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Bandele kò fi eré sílẹ̀ fún ìwé, kò sì fi ìwé sílẹ̀ fún eré. Ó darí Half of a Yellow Sun lọ́dún 2013, fíìmù nípa ogun tó ń jà nígbà tí wọ́n bí i. Iṣẹ́ fíìmù tó parí gbẹ̀yìn ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, ní èdè Yorùbá, láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ní Ọ̀yọ́ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó bí eré náà ti wáyé. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà ní Yorùbá, Ṣóyínká sì gbé tirẹ̀ sí àkókò tí ogun Hítílà ṣì ń lọ. Bandele kú ní Èkó lọ́jọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2022, oṣù kan kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ayé ní Toronto. Ìtàn Bóma tó gbọ́ lẹ́nu bàbá kò bá a lọ. Ó ti wà nínú ìwé.

Ní Pobè àti Sakété, eré tó ti dàgbà ju sinimá lọ ṣì wà láàyè, òun sì ni olówó àti tálákà jọ ń wò láìsanwó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀, ó sì wọ inú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé tí kò ṣeé fọwọ́ gbá mú lọ́dún 2008. Lálẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a jáde sójú ọjà. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, yóò wá fi orin tú àṣírí ẹni tó jalè, ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀, aláṣẹ tó fi ipò jẹ ìlú. Lọ́jọ́ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a jó ní méjì méjì, pẹ̀lú ìró irin lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọkùnrin ló wọ̀ ọ́, ọlá obìnrin ló fi ń jó. Olóòtú ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ tó wá láti Pobè, iṣẹ́ tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń ṣe lójú ọjà ló gbé sórí bébà.

Ohun tí agbẹ́gilére bá rí láyé ni ó ń gbẹ́ sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ejò àti ẹyẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, alùpùpù wà níbẹ̀, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ kò ní láti lọ sí Paris. Ọ̀pọ̀ wà ní ilé àkójọ Alexandre Sènou Adandé ní Porto-Novo. Fèrè idẹ pẹ̀lú, tí ẹgbẹ́ ológun àti ìjọ Kristẹni mú wọ̀lú, ti di ti ará ìlú. Lọ́dún 1994 ni wọ́n dá Gangbé Brass Band sílẹ̀ ní Cotonou, wọ́n ń fun fèrè àwọn ṣọ́jà, ìlù ìbílẹ̀ sì ń dá wọn lóhùn. Ohun tí wọ́n fi ń mú ọ̀dọ́ tọ ẹsẹ̀ ọ̀gá lójú ogun, òun ni wọ́n fi ń jó báyìí.

Ìtàn ilé ṣọ́jà kò dúró sí ìgbà Faransé. Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń kọlu àríwá Benin láti ẹ̀gbẹ́ Burkina Faso àti Niger. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba dá iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Mirador sílẹ̀, wọ́n sì kó ọmọ ogun bí 3,000 lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n pa ọmọ ogun 54 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde iye náà. Gbogbo àdúgbò Benin ni ọmọ ogun ti ń jáde. Nítorí náà, ìyá kan wà ní gúúsù tó ń gbé fóònù sún mọ́ orí ibùsùn. Ìyàwó kan wà tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá yóò pè lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ bá tan tẹlifíṣọ̀n láti wo eré Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá, tí ìròyìn sì já wọ inú eré, ó ti wà ní ipò ọmọ Pobè ọdún 1972 nìyẹn.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò di òǹkọ̀wé, bí ẹnì kan bá bá a sọ̀rọ̀. Ìdènà kan wà tó kéré lójú ṣùgbọ́n tó ń dùn wá: Yorùbá tí wọ́n ń kọ ní ìhà Benin ní ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ìwé tí ọmọ Sakété bá kọ, ọmọ Ìlaròó yóò kọ́kọ́ dúró lójú lẹ́tà kó tó wọ inú ọ̀rọ̀. Faransé ni ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọmọ Sakété, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Ìlaròó. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ìhà méjèèjì jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó jókòó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, á kà á.

Ohun tí kò ní í dúró de ìpàdé kankan ni ẹ̀mí àwọn àgbà. Abdoulaye Ndiaye ti Senegal, tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tó kù gbẹ̀yìn nínú àwọn tirailleur Ogun Àgbáyé Kìíní, kú lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1998, lẹ́ni ọdún 104. Ọjọ́ kejì ni wọn ìbá fi àmì ẹ̀yẹ Légion d'honneur kọ́ ọ láyà. Àwọn tó jagun Hítílà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn tó kù nílé ni opó wọn, àwọn ọmọ wọn tó ti darúgbó, àti àwọn tó ṣe ṣọ́jà lábẹ́ Kérékou, tí àwọn náà ti ń fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété, fóònù tó wà lápò yín lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Ẹ bi wọ́n orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé bàbá lọ, oúnjẹ tí wọ́n jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ro oko nígbà tí kò sí nílé, orin tí wọ́n kọ ní bárékè, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó sá lọ sí Nàìjíríà pẹ̀lú, àwọn ìbátan wọn ṣì wà ní Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ. Ẹ má tíì ronú nípa ìwé tàbí fíìmù. Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.